Ẹ̀gẹ́ Kan Náà ni Gbogbo Wọn Ń Wádìí

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, àwọn àlejò kan a máa dé sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní agbègbè Ìlaròó àti Ayétòrò. Ọ̀dọ́ ni wọ́n. Bébà á wà ní abíyá wọn, bíírò á wà lọ́wọ́, wọ́n á sì kí ìyá tó wà nídìí agbada dáadáa kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ kú èéfín." Ìyá náà á wo bébà ọwọ́ wọn, á sì béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ìjọba ló rán yín? Ṣé wọ́n fẹ́ yá wa lówó ni?" Wọ́n á ní rárá o, ìwé ni àwọn ń kọ kí àwọn lè jáde. Ìyá á rẹ́rìn-ín. Á máa dá wọn lóhùn, ìbéèrè ogún tàbí ọgbọ̀n, á sì máa ro gàrí lọ kí ó má baà jóná. Nígbà tó bá parí, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á kó bébà wọn, wọ́n á lọ. Ìyá náà kì í sáábà rí wọn mọ́, kì í sì í rí ìwé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kọ.

Pírójẹ́ẹ̀tì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí àṣekágbá ni. Ìbáà jẹ́ ìṣirò owó ni ọmọ kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí èdè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá ó lè béèrè ìbéèrè kan fúnra rẹ̀ kí ó sì wá ìdáhùn sí i. Ilẹ̀ Yewa sì ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n dá Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ìlaròó. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáǹjọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tirẹ̀ sí Ayétòrò. Ayétòrò sì ti mọ irú nǹkan báyìí ṣáájú ìgbà náà: ilé ẹ̀kọ́ girama Comprehensive tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà jẹ́ ìdánwò fúnra rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi wò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ìwé lè jókòó pọ̀ sórí àga kan.

Ẹ̀gàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ nípa pírójẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àdàkọ ni: orí kìíní láti inú ìwé ọdún tó kọjá, orí kejì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, orí kẹta tí kò yí padà láti ìgbà tí àwọn òbí ọmọ náà ti wà nílé ẹ̀kọ́. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa ló ń ta odindi pírójẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ta búrẹ́dì, orúkọ ẹni tó rà á nìkan ni wọ́n á fi kún un. Àmọ́ ẹ̀gàn yìí ń bo ohun mìíràn mọ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe é dáadáa ńkọ́? Ọmọ tó lọ sóko lóòótọ́, tó dúró ti ẹ̀rọ nínú yàrá ìwádìí títí ilẹ̀ fi ṣú, tó kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìparọ́, níbo ni ohun tó rí gbà lọ? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló yẹ kó máa dun ará ìlú ju ọ̀rọ̀ àdàkọ lọ.

Kí ó lè yéni, kí a mú ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo, kí a sì wo iye ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń yí i po.

Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ gbìn ín sí ilẹ̀ ìdánwò: ajílẹ̀ olóyìnbó sí ebè kan, ìgbẹ́ adìẹ sí èkejì, kí ó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ láìfi ohunkóhun sí i, kí ó wá wo èyí tí yóò ta jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í kánjú. Oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ni púpọ̀ nínú wọn ń lò nílẹ̀, àsìkò tí ilé ẹ̀kọ́ sì fún ọmọ náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá lọ bá àgbàdo, tí àwọn mìíràn sì ń sá lọ bá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ń tètè tóó já. Kálẹ́ńdà ilé ìwé ló yan ohun ọ̀gbìn fún wọn, kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ Ayétòrò ń gbìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ń dúró dè é nídìí ẹ̀rọ. Ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń di sáyánáìdì nígbà tí a bá fọ́ ara rẹ̀, májèlé sì ni sáyánáìdì. Àwọn ìyá wa mọ bí a ṣe ń lé e jáde kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ: wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á kó o sínú àpò kí ó kan, wọ́n á fi jákì fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á yan án lórí iná. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń dín májèlé náà kù. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń lò nínú àpò ni ìjà wà. Bí oníbàárà bá ń dúró tí owó sì ń jóni lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta lè di ọjọ́ kan. Codex, ìgbìmọ̀ tí àjọ FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní kí sáyánáìdì inú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ má ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Ti gàrí kò gbọ́dọ̀ ju 2 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ á ra gàrí lọ́wọ́ ìyá mẹ́rin tàbí márùn-ún, á wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, á sì kọ èsì rẹ̀ sínú àtẹ kan ní orí kẹrin. Nínú àtẹ yẹn, orúkọ ìyá kan á di Sample A, ti èkejì á di Sample B. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò yẹ kí a dójú ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò dára ni pé Sample B fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ni Sample B, kò sì mọ̀ bóyá gàrí òun ju 2 lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé kíkọ́ kò bìkítà fún gàrí rárá. Èèpo ni tirẹ̀. Á sun èèpo ẹ̀gẹ́ di eérú, á jọ̀ ọ́, á sì fi eérú náà dípò ìdá 5, 10 tàbí 15 nínú 100 sìmẹ́ńtì tó yẹ kó wà nínú kọnkéré. Á da á sínú àpótí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150, á rì í sínú omi fún ọjọ́ 7, 14 àti 28, lẹ́yìn náà á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí ó lè mọ agbára rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti wà ní Ìbèṣè, ní Àríwá Yewa níbẹ̀, láti 2012, síbẹ̀ ará àdúgbò tó fẹ́ mọ yàrá méjì ṣì ń ka owó àpò sìmẹ́ńtì bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá lè dín àpò kan kù nínú mẹ́wàá láìjẹ́ kí ilé wó ti ṣe ohun ńlá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tún wà tó ń wá èèpo yẹn. Ẹ̀ka ẹran ọ̀sìn ni tirẹ̀. Ó fẹ́ sá èèpo náà, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó fi bọ́ ewúrẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá gbẹ. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan fẹ́ sun èèpo, ẹnì kejì fẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Èwo ló lérè jù fún ìyá tó ni èèpo náà? Ìbéèrè tó dùn ún ṣèwádìí ni, ó ju ti àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ẹnì kan béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń sun ún kò mọ ẹni tó ń fi bọ́ ẹran. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó tó ń ka èrè àwọn elégàárì láìbéèrè iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lò nínú àpò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ yẹn gan-an ni èrè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí wọn yóò máa fi tajà lórí fóònù fún àwọn elégàárì kan náà (ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ kọjá ọjọ́ tí wọ́n gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́). Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sì wá gba orin iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn kí ìyá kan náà kú èéfín. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ka ìwé èkejì rẹ̀, nítorí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òkúta náà kò yàtọ̀. Nínú ìwé tí Jones àti Hockey kọ ní 1964 nípa ilẹ̀ gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, wọ́n fi orúkọ Ìlaròó pe ìpele ilẹ̀ kan, èyí tó wà lórí ìpele tí wọ́n ń pè ní Oshosun. Fọ́sífétì wà nínú ìpele Oshosun yìí, fọ́sífétì sì wà lára ohun tí ajílẹ̀ fi ń jẹ́ ajílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ń wá ibi tó wà àti bí ó ti nípọn tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ń wọ́n ọn sí ìdí àgbàdo, wọ́n sì ti rí i pé ó lọ́ra láti yọ́ sínú ilẹ̀, pé ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló ń yọ́ ọ jù, pé ó ń ṣe dáadáa sí i tí a bá pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran. Àgbẹ̀ tó ń gbé orí ilẹ̀ náà ń ra ajílẹ̀ inú àpò láti ọ̀nà jíjìn.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ti ń ka orí àwọn tí wọ́n ń bi léèrè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì ti ń ṣubú láìmọ̀. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 168,850 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, ó sì ka 181,826 ní ti Àríwá. Ìlànà kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn, ti Taro Yamane, láti inú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1967. Bí a bá fi ṣírò iye ẹni tó yẹ ká bi léèrè ní Gúúsù Yewa, 399 ló máa jáde. Bí a bá fi ṣe ti Àríwá, 399 náà ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Bí èrò bá ti pọ̀, iye náà kì í ju 400 lọ láéláé, ìbáà jẹ́ ìlú kan ni tàbí odindi Nàìjíríà. Ohun tí ìlànà náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó ni pé kí gbogbo ènìyàn ní àǹfààní kan náà láti wọ inú 399 yẹn: ará Ìlaròó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti ará abúlé Ọ̀họ̀rí tí mọ́tò kì í dé lásìkò òjò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó pín ìwé ìbéèrè fún ẹni tó bá ṣáà ti rí lọ́jà kò ṣe èyí. Ẹni tó jókòó sí yàrá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n sì jọ fi bíírò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlànà mọ́. Olùkọ́ tó mọ̀ pé 399 kì í tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó sì bu ọwọ́ lù ú, jọ jẹ nínú rẹ̀.

Èyí kò ní kéèyàn má bínú ọ̀rọ̀ náà tó bá di ti ẹnubodè, nítorí ohun tó ti kọjá lọ níbẹ̀ kò ní padà wá.

Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo kankan tí kò jìnnà ju kìlómítà 20 lọ sí ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin ní oṣù kejìlá 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí lára wọn. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó dárúkọ tirẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì àtààbọ̀ tí àwọn ènìyàn láti Ìdí-Ìrókò dé Ọjà-Ọ̀dàn àti Ìmẹ̀kọ fi wà lábẹ́ òfin tí ẹni tó wà ní Àbújá kò fi ara gbá bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹni tó ń ta ìrẹsì yí padà sí? Ìyàwó ilé tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì, báwo ló ṣe ń lọ kí i? Eélòó ni wọ́n ń gba ọ̀kadà nígbà tí epo di ohun tí wọ́n ń gbé pamọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ béèrè nǹkan wọ̀nyí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, bí ó tilẹ̀ kọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò já geere, tí àwòrán rẹ̀ kò sì mọ́, ti kó ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan kò lè lọ kó mọ́ lónìí. Ènìyàn ti gbàgbé iye. Àwọn mìíràn ti kú. Bí ìwé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, ìtàn ni, ó sì yẹ kí a máa tọ́jú rẹ̀ bí ìtàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa, ohun tó ń dúró dè é ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kan tí ikán mọ̀ dáadáa, títí ọjọ́ tí wọ́n á fi wá àyè fún ti ọdún tuntun. Ìwé tí ẹlẹ́pà fi ń wé ẹ̀pà ní ilẹ̀ yìí, tí ènìyàn bá fara balẹ̀ tú u wò, nígbà mìíràn á rí àtẹ kan níbẹ̀, pẹ̀lú iye àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn kan á ní kí ni ìwádìí ọmọdé lè jẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìmọ̀ nípa ilẹ̀ yìí ṣe dé ọwọ́ wa. Ní 1967, Kọ́lá Fọláyan tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Ẹgbẹ́ Onítàn Nàìjíríà. Àkọlé rẹ̀ ni "Egbado to 1832: The Birth of a Dilemma", títí dòní ni àwọn tó ń kọ̀wé nípa ilẹ̀ náà sì ń tọ́ka sí i. Anthony Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1971 pẹ̀lú ìwádìí lórí bí ìṣàkóso Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe yàtọ̀ síra láàárín àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn láti 1889, ọdún tí ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ààlà. Longman tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1976. Òkè ìwé ni àwọn wọ̀nyí wà ju ti ọmọ HND lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ bá àwọn àgbà nílé wọn, ó béèrè ìbéèrè, ó kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ààlà 1889 fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, ó fi Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Kétu kan náà ni ìlú méjèèjì sì wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wo ojú ààlà láti Ìlú Èkó kò lè mọ bí èyí ṣe rí lára. Ọmọ Ìmẹ̀kọ mọ̀ ọ́n kí ó tó wọ yunifásítì. Iyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé tirẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn sì rí i kà.

Ohun kékeré kan tún wà nínú àkọlé Fọláyan tó yẹ kí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ronú sí. Ẹ̀gbádò ni orúkọ náà níbẹ̀. Ọdún 1995 ni Ẹ̀gbádò di Yewa. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tó bá tẹ "Yewa" sórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé kò ní rí ohun púpọ̀ tí wọ́n kọ ṣáájú ọdún náà, á sì fi ìdùnnú kọ ọ́ sí orí kìíní pé kò tíì sí ẹni tó ṣèwádìí lórí kókó yìí rí. Lẹ́yìn náà ni á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó tọ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn padà, kánmọ́kánmọ́ ni gbogbo nǹkan: ìdánwò, pírójẹ́ẹ̀tì, ìwé àṣẹ láti lọ sìnrú ìlú. Olùkọ́ kan a máa ní ogún ọmọ lọ́wọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti mójú tó, ó sì gbọ́dọ̀ ka orí márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Owó kẹ́míkà tí wọ́n fi ń wọn sáyánáìdì, owó mọ́tò lọ sí oko, owó títẹ̀ àti dídì ìwé ní ẹ̀yìn líle ní ẹ̀dà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àpò ọmọ náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó ń jẹ gàrí gbígbẹ ní alẹ́ kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ra pírójẹ́ẹ̀tì tó ti wà nílẹ̀. TETFund, àjọ tó ń fi owó orí ilé iṣẹ́ ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ti gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní TERAS kalẹ̀. EagleScan tó wà nínú rẹ̀ lè fi àdàkọ hàn, àyè sì wà níbẹ̀ láti kó àwọn ìwé ìwádìí jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn dára. Olùkọ́ lè fi mú olè. Ó sì lè jẹ́ kí ẹni tó ń sun èèpo rí ẹni tó ń fi bọ́ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ló sì wà. Ọ̀dọ̀ Sample B kọ́ ló ń lọ.

Ẹni tó bá sì ní kò sí àṣà pé kí ẹni tó ṣèwádìí padà wá jíṣẹ́ fún ìlú ti gbàgbé Ẹ̀fẹ̀. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, Ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin lóru, ní ọjà, níwájú tọmọdé tàgbà. Ohun tí ìlú ṣe ni orin rẹ̀: ẹni tó jí, ẹni tó fi ipò rẹ̀ rẹ́ni jẹ, ohun rere tí wọ́n rí àti ohun tó bà wọ́n lójú jẹ́. Ó ti lọ wádìí ọ̀rọ̀ kó tó dé ojú agbo. Bí ó bá sì purọ́, àwọn tó mọ òótọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ọ. UNESCO kéde iyì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001. Ìgbèjà pírójẹ́ẹ̀tì níwájú olùkọ́ mẹ́rin nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ kò lè le tó ìyẹn, nítorí kò sí ìkankan nínú olùkọ́ mẹ́rin náà tó ń yan gàrí.

Ohun tó ṣeé ṣe kò pọ̀, kò sì nílò àṣẹ láti Àbújá. Ojú ìwé kan ní Yorùbá, tí yóò wà ní ìparí pírójẹ́ẹ̀tì gbogbo tó bá bi ará ìlú léèrè, tí yóò sọ ohun tí wọ́n béèrè, ohun tí wọ́n rí, àti ohun tí ẹni tó dáhùn lè fi ṣe. Ẹ̀dà rẹ̀ á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó dáhùn, òmíràn á lọ sí ààfin tàbí ilé ìwé girama ìlú náà. Olùkọ́ á fi máàkì díẹ̀ sí i, nítorí ohun tí kò ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ṣe é. Kò sì yẹ ká bú wọn fún ìyẹn. Wọ́n á ní ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lè kọ Yorùbá tó mọ́. Bóyá. Àwọn tó ń kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wà, wọ́n sì ń wá kókó tí wọn yóò kọ pírójẹ́ẹ̀tì lé lórí lọ́dọọdún. Bí a ṣe ń sọ agbára kọnkéré ní Yorùbá tí bíríkìlà máa gbọ́ jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tó tó gba oyè fúnra rẹ̀, ó sì le ju kéèyàn tún ka òwe inú ìwé ìtàn àròsọ kan tí ogún ènìyàn ti kà ṣáájú rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbéròyìnjáde náà wà. Kókó kan wà tí wọn kì í jẹ́ kó sinmi: bóyá rédíò ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á pín ìwé ìbéèrè, ìdá tó pọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dì í, ó parí. Wọ́n lè gbé àtẹ orí kẹrin ti ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ dání lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, kí wọ́n sọ ní Yorùbá bí ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lò nínú àpò ti ṣe pàtàkì tó, kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù kan sílẹ̀ lẹ́yìn ètò náà, kí wọ́n sì jókòó ka iye àwọn elégàárì tó pè.